Búrẹ́dì Àwẹ̀ró Tó Ká Eyín Ewúrẹ́

Oúnjẹ alẹ́ ti wọ ikùn. Àwọn ọmọ agboolé ti tẹ́ ẹní síwájú ilé. Ìyá Àrẹ̀mú jókòó lórí àpótí, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì gbọọrọ, ó ń fi ọwọ́ ra orúnkún. Gàrí ló yan láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, èéfín rẹ̀ ṣì wà lára aṣọ rẹ̀.

"Màmá, ẹ pàlọ́ fún wa," ni Mopélọ́lá wí.

"Ó ti rẹ̀ mí, ọmọ mi."

"Ẹ pa kékeré."

"Àlọ́ kì í ní kékeré. Bí mo bá ti ṣí i, dandan ni kí n pa á dé." Ó mí kanlẹ̀. "Ó dáa. Ẹ súnmọ́ ibí. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sùn ṣáájú mi o. Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Ṣé ẹ̀yin náà lẹ yan gàrí ni? Ààlọ́ o!"

"Ààlọ̀!"

"Àlọ́ mi rìn títí, ó wá ibi tí yóò jókòó sí. Kò jókòó sí ààfin, kò jókòó sí ọjà. Ẹnu ààrò obìnrin kan tí ó ti rẹ̀ ló jókòó sí."

Ní ìgbà kan rí, nígbà tí ènìyàn àti ẹranko ṣì jọ ń pọn omi nínú odò kan náà, tí wọ́n jọ ń kí ara wọn ní ẹ kú àárọ̀, obìnrin kan wà ní ìlú Ẹ̀bádò. Àwẹ̀ró lorúkọ rẹ̀. Opó ni. Ọkọ rẹ̀ kú, kò fi ọmọ sílẹ̀ fún un. Òun nìkan ló ń gbé ilé oníyàrá méjì létí ọ̀nà tó lọ sódò.

Ìyá Àwẹ̀ró, kí ó tó kú, ti bá àwọn oníṣòwò gbé lókè Ọya fún ọdún púpọ̀. Ibẹ̀ ló ti kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi ìyẹ̀fun àlìkámà ṣe búrẹ́dì. Nígbà tó padà wálé, ó fi amọ̀ mọ ààrò kan sẹ́yìnkùlé, ààrò ribiti bí ikùn aboyún, ó sì kọ́ ọmọ rẹ̀ níṣẹ́ náà.

"Ṣé búrẹ́dì bíi ti Àgége, Màmá?" ni Ìdòwú bèèrè.

"Kò rí bíi ti Àgége. Kékeré ni, ó wúwo díẹ̀, èèpo rẹ̀ a sì máa dún lẹ́nu. Jẹ́ kí n sọ̀rọ̀."

Bí Àwẹ̀ró bá fẹ́ ṣe búrẹ́dì, á da ìyẹ̀fun sínú ọpọ́n igi. Á bu iyọ̀ sí i, á kán oyin sí i. Lẹ́yìn náà, á da gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu sí i, ìyẹn èyí tó máa ń sílẹ̀ sí ìsàlẹ̀ akèrègbè, tó ń hó, tó ń ta ni nímú. Òun ló ń mú ìyẹ̀fun wú. Á wá fi omi lọ́wọ́ọ́wọ́ pò ó. Á pò ó, á pò ó, títí yóò fi rọ̀ bí etí ọmọ tuntun. Nígbà náà ni á fi aṣọ bò ó, á gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ààrò kó sinmi.

"Kí ni kó sinmi?" Àwọn ọmọ bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyẹ̀fun ni. Ẹ máa rẹ́rìn-ín. Bí wọn kò bá jẹ́ kó sinmi, kò ní wú."

Ó dọdún kan, òjò kọ̀, ọ̀dá dá. Iṣu kò ta. Àgbàdo gbẹ lórí ìdúró. Ẹ̀gẹ́ pàápàá di okùn nínú ilẹ̀. Ènìyàn ń rù, ẹranko ń rù. Ọmọdé kò ṣeré mọ́ ní Ẹ̀bádò, torí ẹni tí ebi ń pa kì í sáré.

Ṣùgbọ́n ṣáájú ọ̀dá yẹn, ẹ̀gbọ́n Àwẹ̀ró ọkùnrin, tó máa ń ná ọjà òkè Ọya, ti kó ogún àpò ìyẹ̀fun wá sílé rẹ̀. Ó ní, "Àbúrò mi, bí n kò bá tètè dé, jẹ ẹ́." Kò dé mọ́. Ọ̀nà ti dí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àwẹ̀ró tú àpò kìíní, ó yan búrẹ́dì mẹ́ta péré. Ẹ̀yin ọmọ, òórùn búrẹ́dì kò mọ ilẹ̀kùn títì. Ó gba orí ògiri jáde. Ó gba ọ̀nà odò. Ó wọ inú ilé dé inú ilé.

Gbà, gbà, gbà!

"Ta nìyẹn?"

"Èmi Ewúrẹ́ ni, Àwẹ̀ró. Àwọn ọmọ mi kò tíì fi nǹkan kan ẹnu láti àná."

Àwẹ̀ró bu ìdajì fún un. Ewúrẹ́ kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ títí ojú fi ti Àwẹ̀ró.

Kò pẹ́. Gbà, gbà, gbà! Ọ̀kẹ́rẹ́ adẹ́mu ni, òun tó máa ń gun ọ̀pẹ káàkiri ìlú. Òun náà kúnlẹ̀. Àwẹ̀ró bù fún un. Kí oòrùn tó mú, búrẹ́dì mẹ́ta ti tán, Àwẹ̀ró fúnra rẹ̀ ń fi ìka ṣa ẹ̀rúnrún orí ọpọ́n jẹ.

"Kí ló dé tí kò tilẹ̀kùn?" ni Ìdòwú wí.

Ìyá tó bí Àwẹ̀ró ni kò jẹ́ kó tilẹ̀kùn. Ọjọ́ tí ìyá yẹn ń kú lọ, ó di ọwọ́ ọmọ rẹ̀ mú, ó ní, "Àwẹ̀ró, má jẹ́ kí ebi pa ẹni tó bá kan ilẹ̀kùn rẹ." Ó sọ ọ́, ó kú. Ta ni Àwẹ̀ró fẹ́ padà lọ bi pé ẹni mélòó ni?

Bó ṣe di iṣẹ́ ojoojúmọ́ nìyẹn. Àwẹ̀ró á jí kí àkùkọ tó kọ. Á ṣẹ́ igi, á pọn omi, á pò, á bò, á dá iná sínú ààrò. Bí ààrò bá gbóná tán, á wa ẹyinná jáde, á fi ewé tútù nu inú rẹ̀, á to búrẹ́dì sí i, á fi àpáàdì dí ẹnu rẹ̀. Bí wọ́n bá jinná, á yí wọn dé, á fi ìka kan ìdí wọn, á gbọ́ kó-kó-kó. Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Òun nìkan ló ń ṣe gbogbo rẹ̀.

Orin tó máa ń kọ tó bá ń pò ó rèé. Ẹ gbè é. Ẹ ó máa wí pé, "Rọra wú."

*Àwẹ̀ró jí, ó ń po ìyẹ̀fun,*
*Rọra wú.*
*Ilẹ̀ mọ́, n kò tíì jókòó,*
*Rọra wú.*
*Apá ń ro mí, ẹ̀yìn ń dùn mí,*
*Rọra wú.*
*Ará Ẹ̀bádò ń kànlẹ̀kùn,*
*Rọra wú, rọra wú, ìyẹ̀fun mi.*

"Bándélé, o kò gbè é."

"Mo ń gbè é nínú mi, Màmá."

Ní ìbẹ̀rẹ̀, wọ́n ń dúpẹ́. "Ẹ ṣeun o, Ìyá wa! Ọwọ́ yín kò ní rọ!" Nígbà tó di oṣù kejì, "Ẹ ṣeun" ti di "Ṣé ó ti jinná?" Kó tó di oṣù kẹta, ó ti di "Kí ló mú un pẹ́ bẹ́ẹ̀?" Nígbà tó yá, wọn kò wí nǹkan kan mọ́. Wọ́n kàn ń na ọwọ́ ni.

Ẹnì kan ṣoṣo ló ń bá Àwẹ̀ró sọ̀rọ̀. Ìgbín ni, Ìgbín arúgbó, tó sá fún ọ̀dá wá sí ìdí àmù Àwẹ̀ró nítorí ibẹ̀ nìkan ló ṣì tutù. Kò lè ru igi. Kò lè pọn omi. Ó kàn máa ń yọ orí, á máa wo ohun tí obìnrin náà ń ṣe láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Àwẹ̀ró, o ti jẹun?"

"Màá jẹ tó bá yá, Ìyá Ìgbín."

"O wí bẹ́ẹ̀ lánàá."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bá mi sọ̀rọ̀ oúnjẹ."

"Sọ fún wọn pé ó ti rẹ̀ ọ́."

"Kí ni mo fẹ́ sọ? Ebi ń pa wọ́n."

"Ebi ń pa wọ́n," ni Ìgbín wí, "ebi kò ṣẹ́ wọn lápá."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ Àwẹ̀ró létí. Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, ó nu ìyẹ̀fun kúrò lójú, ó lọ sọ́dọ̀ Baálẹ̀ Látóyè, olórí ìlú. Ó kúnlẹ̀.

"Baálẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi ní ọjọ́ kan kí n fi sùn."

Baálẹ̀ Látóyè kì í ṣe ènìyàn burúkú. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ìlú pọ̀ lórí rẹ̀. Ó wo Àwẹ̀ró, ó wo ojú ọ̀nà tí àwọn ènìyàn jókòó sí, tí wọ́n fi ọwọ́ lẹ́rán.

"Àwẹ̀ró, ìwọ nìkan ni ìlú yìí gbójú lé. Lọ́jọ́ tí o bá sùn, kí ni mo fẹ́ wí fún wọn? Rọ́jú. Ọlọ́run ló máa san án fún ọ." Ó ronú díẹ̀. "N kò ní jẹ́ kí o lọ lọ́wọ́ òfo."

Ó pe àwọn ìjòyè. Wọ́n fi Àwẹ̀ró joyè níbẹ̀ náà. Ìyá Abọ́lùú ni wọ́n pè é. Wọ́n fi ilẹ̀kẹ̀ pupa sí i lọ́rùn, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Obìnrin tó lọ tọrọ oorun, ilẹ̀kẹ̀ ló gbé bọ̀ wálé. Ó tún dúró ti ọpọ́n rẹ̀. Bó ṣe ń tẹ̀ síwá tẹ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀kẹ̀ ń gbá a láyà.

"Ṣé kò sunkún ni, Màmá?" ni Mopélọ́lá bèèrè.

"Ẹni tó bá rẹ̀ dé ibi tó rẹ Àwẹ̀ró dé, ẹkún pàápàá iṣẹ́ ni."

Bó ṣe wá di òwúrọ̀ ọjọ́ kan nìyẹn. Oorun gbé Àwẹ̀ró lọ díẹ̀, ó pẹ́ kó tó jí. Nígbà tí oòrùn máa fi yọ, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ po ìyẹ̀fun tán ni, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ fi aṣọ bò ó. Ẹnu ọ̀nà ti kún. Ewúrẹ́ ló wà níwájú, Ọ̀kẹ́rẹ́ tẹ̀ lé e, gbogbo ìlú sì wà lẹ́yìn wọn.

"Búrẹ́dì dà?" ni Ewúrẹ́ wí.

"Kò tíì wú. Ẹ dúró díẹ̀."

"A kò dúró! Gbé e sínú iná."

"Ewúrẹ́, mo ní kò tíì wú. Ó ń sinmi ni."

Ọ̀kẹ́rẹ́ fò mọ́lẹ̀. "Kí ló ń sinmi? Ìyẹ̀fun tí kò ríbi kan lọ, tí kò gun ọ̀pẹ, tí kò ṣe nǹkan kan! Kí ló ṣe tí ó fi ń sinmi?"

Àwọn tó wà lẹ́yìn gba ọ̀rọ̀ náà. "Gbé e sínú iná! Gbé e sínú iná!"

Ní ọjọ́ mìíràn, Àwẹ̀ró ìbá bá wọn jiyàn. Lọ́jọ́ yẹn kò lágbára ìjiyàn. Ó ṣí aṣọ kúrò. Ìyẹ̀fun yẹn rí pẹlẹbẹ nínú ọpọ́n, kò gbérí rárá. Ó gé e, ó ṣù ú, ó tì í sínú ààrò.

Nígbà tó wà á jáde, ẹ̀yin ọmọ mi, kò yàtọ̀ sí òkúta ìdí odò. Ó fẹ̀, ó dúdú, ó le. Ó fi ìka kan ìdí rẹ̀, kò gbọ́ kó-kó-kó. Gọ̀ ló dún.

"Ẹ má jẹ ẹ́," ni Àwẹ̀ró wí.

Ta ló gbọ́? Ewúrẹ́ ti já èyí tó tóbi jù gbà. Ó la ẹnu gbàgà, ó gé e jẹ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀.

Kàà!

Eyín òkè Ewúrẹ́ tó wà níwájú já sílẹ̀ wàràwàrà bí àgbàdo tí wọ́n ṣẹ́. Kò ṣẹ́ku ẹyọ kan. Láti ọjọ́ náà títí di òní, Ewúrẹ́ kò ní eyín òkè níwájú mọ́.

"Irọ́ ni, Màmá!" ni Bándélé wí.

"Ewúrẹ́ ìyá rẹ wà níbẹ̀ yẹn. Tí ilẹ̀ bá mọ́, la ẹnu rẹ̀ wò."

Ewúrẹ́ ké. Gbogbo ìlú bá a ké. Wọ́n ń ju búrẹ́dì mọ́lẹ̀, ó ń dún bí ẹni ń ju òkò.

"Ó fẹ́ pa wá!"

"Láti ìgbà tí wọ́n ti fi í joyè ló ti ń gbéra ga!"

"Mú ilẹ̀kẹ̀ yẹn kúrò lọ́rùn, ìkà obìnrin!"

Àwẹ̀ró rọra jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ara ààrò, bí ẹni tó fẹ́ sinmi díẹ̀ kó tó dìde. Kò dìde mọ́. Ojú rẹ̀ ṣí sílẹ̀, ṣùgbọ́n ara rẹ̀ rọ bí aṣọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fún. Nígbà tí wọ́n fọwọ́ kàn án, ó ń gbóná ju ààrò lọ.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Baálẹ̀. Òun pẹ̀lú àwọn mìíràn gbé Àwẹ̀ró wọ inú ilé. Ẹ gbọ́ o: láti oṣù mẹ́ta tí wọ́n ti ń jẹ oúnjẹ ilé yẹn, ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí ẹnikẹ́ni nínú wọn wọ inú rẹ̀. Ẹní tó wà nílẹ̀ ti ya sí méjì. Ìkòkò kan wà lórí ààdògán. Baálẹ̀ ṣí i wò. Omi ló wà nínú rẹ̀, àti èèpo búrẹ́dì jíjó mélòó kan tó léfòó.

"Kí ni obìnrin yìí ń jẹ?" ni Baálẹ̀ bèèrè.

Ohùn kékeré kan dáhùn láti ìdí àmù. "Ohun tó bá ṣẹ́kù ni."

Wọ́n wẹ̀yìn. Ìgbín ni.

"Kì í sì í ṣẹ́kù," ni Ìgbín wí.

Ọ̀kẹ́rẹ́ tó máa ń fò káàkiri dúró sójú kan.

Lọ́jọ́ kejì, ebi kò dúró de ẹnikẹ́ni. Àpò ìyẹ̀fun mẹ́fà ló kù. Ọ̀kẹ́rẹ́ ní òun á gbìyànjú. Ó da omi púpọ̀ sí i, ó di ẹ̀kọ. Ìyàwó Baálẹ̀ gbìyànjú. Ó gbàgbé gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ ẹmu, ó tún gbàgbé rẹ̀ sínú ààrò, gbogbo rẹ̀ jó di èédú. Ìdajì àpò ṣòfò. Àwọn ọmọdé ń sunkún láìní omijé.

Nígbà náà ni Ìgbín sọ̀rọ̀. "N kò lọ́wọ́ tí mo fi lè pò ó. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni mò ń wò ó. Ẹ gbé mi sí etí ọpọ́n."

Wọ́n gbé e. Ó na ìwo rẹ̀ méjèèjì. "Baálẹ̀, ẹ̀yin ni kí ẹ pò ó."

"Èmi?"

"Ẹ̀yin lẹ ní kó rọ́jú."

Baálẹ̀ Látóyè bọ́ agbádá. Ó bọ ọwọ́ sínú ọpọ́n. Ewúrẹ́, tòun ti ẹnu wíwú, gbé ìkòkò sẹ́yìn lọ pọn omi. Ọ̀kẹ́rẹ́ gun ọ̀pẹ, ó gbé ẹmu wá, ó wá igi. Àwọn ènìyàn to igi sínú ààrò. Baálẹ̀ ń pò ó.

"Ó tó?"

"Kò tó."

Ó pò ó títí. Òógùn ń kán láti iwájú orí rẹ̀.

"Ìyá Ìgbín, ó tó?"

"Ẹ fọwọ́ kàn án. Ṣé ó rọ̀ bí etí ọmọ?"

"Rárá."

"Kò tó."

Nígbà tó rọ̀ tán, Baálẹ̀ kò lè gbé apá rẹ̀ mọ́. Ó dì í mú bí ẹni di apá ẹlòmíràn. "Àárọ̀ ọjọ́ kan péré," ló wí, bíi pé ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀.

"Oṣù mẹ́ta," ni Ìgbín wí. "Ẹ̀ẹ̀mẹrin lóòjọ́. Ẹ fi aṣọ bò ó."

Wọ́n bò ó. "Ó wá kù kí ni?"

"Ó kù kí ẹ jókòó."

Ìyẹn ló le jù. Ebi ń pa wọ́n, ìyẹ̀fun wà níwájú wọn, wọn kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. Ewúrẹ́ dìde, ó tún jókòó. Ọ̀kẹ́rẹ́ ń gé èékánná rẹ̀ jẹ. Kò sí ariwo. Nítorí pé kò sí ariwo, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ nǹkan kan láti inú yàrá. Hìn-ìn. Á dákẹ́. Hìn-ìn. Àwẹ̀ró ló ń mí. Nígbà mìíràn ìdákẹ́ náà á pẹ́, gbogbo wọn á gbé orí sókè. Àfi tó bá tún mí kí wọ́n tó mí.

Bí wọ́n ṣe jókòó nìyẹn títí aṣọ fi gbérí lórí ọpọ́n. Ìgbín ní kí Baálẹ̀ fi ìka tẹ̀ ẹ́. Ó tẹ̀ ẹ́, ó rọra dìde padà.

"Ó tó," ni Ìgbín wí.

Wọ́n ṣù ú, wọ́n yan án. Apá kan jó, apá kan dára. Nígbà tí Baálẹ̀ kan ìdí rẹ̀, kó-kó-kó, ẹlòmíràn sunkún. Gbogbo ọwọ́ nà síwájú.

"Ta ni yóò kọ́kọ́ jẹ?" ni Ìgbín bèèrè.

Ọwọ́ ń sọ̀ kalẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ti Ewúrẹ́ ló kẹ́yìn, ṣùgbọ́n ó sọ̀ kalẹ̀.

Baálẹ̀ mú èyí tó dára jù, ó rún un sínú omi gbígbóná, ó gbé e wọ inú ilé. Ó kúnlẹ̀ ti ẹní, ó gbé orí Àwẹ̀ró lé orúnkún rẹ̀, ó ń fi ṣíbí fún un díẹ̀díẹ̀. Àwẹ̀ró gbé e mì. Ó la ojú.

"Ta ló ṣe é?"

"Èmi ni."

Ó tún gbé ẹ̀ẹ̀kan mì.

"Iyọ̀ rẹ̀ pọ̀ jù," ló wí.

Àmọ́ ó jẹ gbogbo rẹ̀. Ó kọjú sí ògiri, ó sùn. Ó sùn lọ́jọ́ náà, ó sùn mọ́jú, ó tún sùn di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì. Gbogbo Ẹ̀bádò ń fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ rìn. Wọ́n ní kí Àkùkọ lọ kọ lókè odò. Bí ọmọdé bá fẹ́ sunkún, wọ́n á gbé e jìnnà.

"Ó wá yá?" Ohùn Mopélọ́lá ti ń wúwo.

Ó yá, kò yá tán. Àwọn àpò tó kù gbé wọn dé ìgbà tí òjò rọ̀, tí àgbàdo tuntun yọ. Àwẹ̀ró dìde, ó ń rìn, ó ń sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n apá rẹ̀ ọ̀tún kò gòkè kọjá èjìká mọ́ títí ó fi kú. Kò po ìyẹ̀fun mọ́. Ilé kọ̀ọ̀kan ló ń wá pò ó, lónìí ilé yìí, lọ́la ilé tọ̀hún. Òun á jókòó lórí àpótí, á máa wí pé, "Kò tó," tàbí "Ó tó." Ní ọjọ́ karùn-ún karùn-ún, wọn kì í dá iná sí ààrò náà, ẹnikẹ́ni kì í sì í bèèrè ìdí rẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n kọ́kọ́ jẹ àgbàdo tuntun, Baálẹ̀ kó àwọn ìjòyè wá, wọ́n dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Ewúrẹ́ àti Ọ̀kẹ́rẹ́ wà pẹ̀lú wọn.

"Àwẹ̀ró, a wá tọrọ àforíjì."

Àwẹ̀ró wò wọ́n. Inú kò bí i. Inú rẹ̀ kò sì dùn lọ títí. Ó ti rẹ̀ ẹ́ kọjá méjèèjì.

"Mo ti gbọ́," ló wí. "Ẹ dìde. Ẹ máa lọ sílé. Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀ ná."

Wọ́n dìde, wọ́n lọ. Àwẹ̀ró jókòó.

Ìyá Àrẹ̀mú tún na ẹsẹ̀ rẹ̀.

"Ohun tí àlọ́ yìí kọ́ wa ni pé, ẹni tó ń bọ́ wa, a kì í jẹ ẹ́ mọ́ oúnjẹ. Bí ẹnì kan bá ń se oúnjẹ fún yín, ẹ bèèrè bóyá òun náà ti jẹun. Ẹ má fi oyè san ohun tó yẹ kí ẹ fi ọwọ́ ṣe. Ẹ gbọ́?"

"A gbọ́, Màmá."

"Ibi tí mo bá àlọ́ mi dé nìyí, ibẹ̀ náà ni mo fi í sílẹ̀ sí. Bí mo bá fi irọ́ lú u, kí oorun sá fún mi mọ́jú. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ bí mo ṣe gbọ́ ọ ni mo ṣe sọ ọ́, kí oorun gbé mi kí ẹ̀yìn mi tó kan ẹní."

Bándélé dìde, ó ká ẹní. Ìdòwú gbé àpótí. Mopélọ́lá ti sùn lọ, wọ́n sì fi í sílẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó gbé e wọlé.

"Ó dàárọ̀ o," ni Ìyá Àrẹ̀mú wí, ó di ògiri mú, ó rọra wọlé lọ.